Àwọn Ibojì Edgefield: Ta Ni Òkúta Ń Rántí?

Ìlú kékeré ni Edgefield, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oko àti igbó ló yí i ká. Síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ a máa yangàn pé gómìnà mẹ́wàá ló ti ọ̀dọ̀ àwọn jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbára ṣe ń ti ọwọ́ ìran kan bọ́ sí ọwọ́ ìran mìíràn níbẹ̀, kí ó wọ itẹ́ òkú Willowbrook, kí ó máa ka orúkọ tó wà lára òkúta.

Preston Brooks wà níbẹ̀. Aṣòfin ni ní Washington. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 1856, ó wọ gbọ̀ngàn àwọn sẹ́nétọ̀, ó sì fi ọ̀pá lu Charles Sumner, sẹ́nétọ̀ láti Massachusetts, títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó tó sì dákú. Ẹ̀ṣẹ̀ Sumner kò ju pé ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìkónilẹ́rú, ó sì fi Andrew Butler, ìbátan Brooks, ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ara Sumner tó yá dáadáa. Owó ìtanràn 300 dọ́là ni ilé-ẹjọ́ bù fún Brooks. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì tún dìbò yàn án padà. Àwọn kan ní gúúsù tilẹ̀ ń fi ọ̀pá tuntun ránṣẹ́ sí i láti fi kí i kú iṣẹ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ó fi kú, ní ẹni ọdún 37, tí wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wá sílé.

Matthew Calbraith Butler náà wà ní Willowbrook. Ọ̀gágun ni fún àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù nígbà ogun abẹ́lé, ogun náà ló sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Nígbà tí ogun parí, àwọn ènìyàn dúdú tó bọ́ lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò, wọ́n ń wọ ilé aṣòfin, wọ́n sì ń ṣe adájọ́ àti ọlọ́pàá ní ìlú Hamburg, tó ti wà lábẹ́ Edgefield tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, ọdún 1876, Butler dé Hamburg gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò fún àwọn òyìnbó méjì tó ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ìlú, tí gbogbo wọn jẹ́ ènìyàn dúdú. Ó ní kí wọ́n kó ìbọn wọn sílẹ̀. Wọ́n kọ̀. Àwọn òyìnbó tó dìhámọ́ra yí wọn ká, wọ́n yìnbọn, wọ́n tilẹ̀ gbé àgbá wá láti Augusta, ní òdìkejì odò. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n mú àwọn kan lára àwọn ènìyàn dúdú náà, wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pa wọ́n. James Cook, olórí ọlọ́pàá ìlú, wà lára àwọn tó kú. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn òyìnbó tó lé ní àádọ́rùn-ún; kò sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n dá lẹ́bi. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Butler di sẹ́nétọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára àwọn tó gbé ìbọn lọ sí Hamburg lọ́jọ́ náà: Benjamin Tillman. Ó di gómìnà ní 1890. Ní 1894 ó gba ipò sẹ́nétọ̀ mọ́ Butler lọ́wọ́. Ní 1895 ó ṣe agbátẹrù òfin ìpìlẹ̀ tuntun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé gbogbo ènìyàn dúdú kúrò nídìí àpótí ìbò. Kò fi ohun tí wọ́n ṣe ní Hamburg pamọ́. Ó ń fi yangàn ní gbangba. Ní Trenton, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Edgefield kan náà, ni ibojì rẹ̀ wà.

Àwọn tó kú ní Hamburg ńkọ́? Òyìnbó kan ṣoṣo ló kú lọ́jọ́ náà, Thomas McKie Meriwether. Ní 1916, wọ́n gbé òpó òkúta ńlá kalẹ̀ fún un ní North Augusta. Ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn kọjá kí àwọn ènìyàn dúdú tó kú tó rí òkúta tiwọn gbà ní ìlú yẹn, ní 2016. Ìlú Hamburg fúnra rẹ̀ ti pa rẹ́.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù ní Willowbrook ni Strom Thurmond. Bàbá rẹ̀ ni agbẹjọ́rò Tillman. Ní 1948, Thurmond du ipò ààrẹ lórí ìlérí pé ènìyàn dúdú àti òyìnbó kò gbọdọ̀ dà pọ̀. Ní 1957, ó sọ̀rọ̀ ju wákàtí 24 lọ lórí ìdúró láti dènà òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ó wà nípò sẹ́nétọ̀ títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì kú ní oṣù Kẹfà, ọdún 2003.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Essie Mae Washington-Williams, ẹni ọdún 78, jáde síta, ó ní ọmọ Thurmond ni òun. Ìyá rẹ̀ ni Carrie Butler, ọ̀dọ́mọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún ìdílé Thurmond. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó bí i. Àwọn ẹbí Thurmond kò jiyàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, Columbia, ère Thurmond kan wà. Ohun tí wọ́n kọ sára ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé bàbá ọmọ mẹ́rin ni. Ní 2004, wọ́n yí mẹ́rin padà sí márùn-ún, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ Essie Mae mọ́ ti àwọn àbúrò rẹ̀. Òkúta kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé. Àpá àtúnṣe náà hàn títí dòní.

Ó dára kí àpá náà máa hàn. Àwọn alágbára Edgefield ló yan ohun tí òkúta yóò sọ nípa wọn, ohun tí wọ́n sì yàn ni oyè àti ipò. Ẹni tí wọ́n lù, ẹni tí wọ́n pa àti ọmọ tí wọn kò jẹ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí Columbia fi hàn wá ni pé a lè tún òkúta kọ, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá lè dìde sọ tirẹ̀. Essie Mae rí ààyè sọ tirẹ̀. James Cook kò rí i.