Àpáàdì Tó Ní Dígí Nínú: Ta Ló Ṣe Dígí Ifẹ̀?

Bí ẹ bá wò ó láti òkèèrè, àpáàdì lásán ni. Erùpẹ̀ ti bò ó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí gbágungbàgun bíi ti ìkòkò èyíkéyìí tó fọ́. Ẹ wá yí i padà. Inú rẹ̀ ń dán! Dígí ló lẹ̀ mọ́ ọn, tàwọn kan búlúù, tàwọn mìíràn bí àwọ̀ ewé, ó nípọn, ó sì hàn pé ó ti ṣàn bí oyin kó tó gan. Irú àpáàdì yìí pọ̀ ní Igbó Olókun, ní apá àríwá Ilé-Ifẹ̀, débi pé àwọn ará ìlú ti ń hú u pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ kí òyìnbó kankan tó wá béèrè nípa rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi ìkòkò yìí ṣe? Ta ló sì ṣe dígí inú rẹ̀? Ti àkọ́kọ́ kò le. Ìkejì ló gbà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó dáhùn ti ní ìdáhùn lápò kí wọ́n tó wo àpáàdì.

Ní òpin ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó fẹ́ gbé orí idẹ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun lọ, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sì ní kó dá a padà. Ìtàn yẹn ti di mímọ̀. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ó rí àwọn àpáàdì náà, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ dígí ti wáyé níbẹ̀. Ojú rẹ̀ là dé ibi yẹn. Àmọ́ nígbà tó kan pé kó sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ó fo Ifẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí Atlantis, ìlú inú àròsọ àwọn ará Gíríìsì tí òkun gbé mì. Ẹ gbọ́ ná: ìlú tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí rí ló rọrùn fún un láti gbà gbọ́, ju pé ará Ifẹ̀ lè ṣe dígí?

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ ti Atlantis mọ́. Wọ́n gbà pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ní dígí fúnra rẹ̀ ti òkèèrè wá, bóyá láti Yúróòpù tàbí ilẹ̀ Lárúbáwá, pé ńṣe ni wọ́n kàn ń yọ́ àfọ́kù rẹ̀ níbí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan o. Àwọn Másàgá ní Bídà, ní ilẹ̀ Núpé, ń yọ́ ìgò fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹni tó bá ti rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ lè rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn yọ́ ìgò tí ẹlòmíràn ṣe, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kó mú yanrìn kó sọ ọ́ di dígí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn náà.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó jẹ́? Dígí dà bí ọbẹ̀. Yanrìn ni omi rẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì mọ ohun tó ń sọ sínú tirẹ̀. Dígí àwọn ará Róòmù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá kún fún sódà, alumíná inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ti Ifẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: láìmù inú rẹ̀ pọ̀, alumíná náà pọ̀, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti Thilo Rehren tẹ àyẹ̀wò wọn jáde. Wọ́n ní àpòpọ̀ yìí kò bá ti àwọn ibi tí a mọ̀ mu, pé gúúsù Nàìjíríà níbí gan-an ni wọ́n ti ṣe é.

Ó wá ku kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ní ọdún 2011 àti 2012, awalẹ̀pìtàn kan, Abidemi Babatunde Babalola, gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tó lé ní 800, àti ọ̀pọ̀ kílò pàǹtírí iṣẹ́ dígí. Pàǹtírí yẹn ló dùn mọ́ wa jù lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ máa ń rìnrìn àjò, ẹnikẹ́ni lè rà á ní Íńdíà kó gbé e dé Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa di pàǹtírí rù kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà? Dígí tó kán, èyí tó bà jẹ́ lórí iná, èyí tó ro sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń dà wọ́n sí. Èédú tó wà nínú ilẹ̀ kan náà ló sọ ọjọ́ orí wọn: láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15. Ní àsìkò yẹn, iṣẹ́ náà ti ń lọ tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí tó yọ sí etíkun wa. Nígbà tí wọ́n sì yẹ 52 wò nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, oríṣi dígí méjì ló jáde, alumíná sì pọ̀ nínú méjèèjì.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ère idẹ ọba tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957: ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ìlẹ̀kẹ̀ láyà, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mọ ọba nìyẹn, ìlú tó bá sì ń ṣe é ló ń tà á fún àwọn ọba yòókù. Irú dígí Ifẹ̀ ti jáde nínú ilẹ̀ Gao, ní orílẹ̀-èdè Málì lónìí. Ẹ wá rò ó wò: ọjà tí wọ́n ní ó gba aṣálẹ̀ wọlé wá, òun gan-an ló ń ti Ifẹ̀ gòkè lọ sí ẹnu aṣálẹ̀. Kò sì parí sí Ifẹ̀ nìkan. Akin Ogundiran àti Akin Ige rí ẹ̀rí iṣẹ́ dígí ní Igbó Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, ti sẹ́ńtúrì 17 sí 18.

Lónìí, ilé ti bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ Igbó Olókun. Ẹni tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé lè kan ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó sì tà á. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀, wọ́n ṣì lè mọ̀ pé dígí Ifẹ̀ ni. Ọdún tí wọ́n ṣe é ni wọn kò ní lè mọ̀, torí èédú tí ì bá sọ ọ́ ti bá erùpẹ̀ lọ sídìí ìpìlẹ̀.