A Kì í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìkọ̀sílẹ̀ Tí Kò Níjà Nínú

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí ẹbí bá pé jọ ní Adó-Èkìtì láti gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya tí wọn kò lè gbé pọ̀ mọ́, àfàìmọ̀ kí àgbàlagbà kan má pa òwe yìí. Òwe náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ oyè àti ẹjọ́ gbèsè, ẹnì kan ni yóò jàre, ọwọ́ ẹni tó jẹ̀bi ni yóò sì ti gba ohun tó bá gbà. Ta ni yóò tún bá a jẹun pọ̀ lẹ́yìn èyí? Ṣùgbọ́n gbogbo òwe ló ní ọ̀ràn tó ń bá wí. Èrò tèmi ni pé òwe yìí kò bá ọkọ àti aya tí wọ́n ti fẹnu kò láti túká wí rárá. Ní ti irú àwọn bẹ́ẹ̀, sísá fún kóòtù gan-an ló ń bí ọ̀tá, ọ̀tá náà kì í sì í sábà dúró láàárín àwọn méjèèjì. Orí àwọn ọmọ ló ń já lé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká dáhùn ni irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Láàárín wa níhìn-ín, ìdána ló máa ń ṣáájú: owó orí, iṣu, oyin, obì, àdúrà àwọn baba àti ìyá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọkọtaya á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá Kátídírà Emmanuel ní Òkèṣà, tàbí réjísírì ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí yìí ló gbé ìgbéyàwó náà sábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ọdún 1914. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹbí ìyàwó bá dá owó orí padà nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbéyàwó ṣì wà níbẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lórí rẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u, ìyẹn Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkìtì fún àwa tí a wà ní Adó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbà kí ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ Nàìjíríà gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ tó bá wù ú. Àwọn Kátólíìkì pàápàá ní láti fi èyí sọ́kàn: bí ìgbìmọ̀ ìjọ bá sọ pé ìgbéyàwó kan kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìyẹn, ìwé ìjọba ṣì dúró. Ẹni tó bá jẹ́ ìdána nìkan ló ṣe, ọ̀nà tirẹ̀ kúrú. Kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká, kódà àṣà gbà kí ẹbí méjèèjì parí rẹ̀ nílé nípa dídá owó orí padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní òǹtẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí lọ́jọ́ iwájú yóò fẹ́ ìwé kóòtù. Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ní Èkìtì tí a ti ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn, ẹni tó gbé ìwé-ẹ̀rí mẹ́rin kọ́ ògiri pálọ̀ lè má mọ ibi tí ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ wà.

Òfin tó ń darí títú ìgbéyàwó réjísírì ká ni ti ọdún 1970. Ìdí kan ṣoṣo ni òfin náà mọ̀, pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Abala 15 ka ọ̀nà mẹ́jọ tí a lè gbà fi í hàn, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀sùn: àgbèrè, ìwà tí kò ṣeé bá gbé, fífi ẹnì kejì sílẹ̀ lọ fún ọdún kan. Àwọn tó ti gbà láti túká ní ọ̀nà kan tí kò gba èébú: bí wọ́n bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún odindi ọdún méjì kí wọ́n tó pe ẹjọ́, tí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kò sì lòdì sí i, ó tó. Bó bá pé ọdún mẹ́ta, a kò nílò ìfọwọ́sí rẹ̀ pàápàá. Bí wọ́n bá tún gbìyànjú láti jọ gbé láàárín rẹ̀ fún àkókò tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, òfin kò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò látìbẹ̀rẹ̀, kìkì pé a ó yọ àwọn oṣù náà kúrò. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé àwọn méjèèjì kò lè jọ pe ẹjọ́ náà. Ẹnì kan ni yóò jẹ́ olùpẹ̀jọ́, wọ́n á fi ìwé jíṣẹ́ fún ẹnì kejì, òun á sì dákẹ́ tàbí kó sọ pé òun kò ta kò ó. Síbẹ̀ olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ dúró níwájú adájọ́, kó búra, kó mú ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó jáde, kó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àìsí alátakò kò sọ ẹjọ́ di èyí tí adájọ́ kàn ń fọwọ́ sí.

Ẹnì kan lè sọ pé, ẹ ò rí i, òfin fúnra rẹ̀ ti gbè lẹ́yìn òwe, ó ní dandan kí ẹnì kan pe ẹnì kejì lẹ́jọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin wa ti ọdún 1970 wo àwòkọ́ṣe òfin Ọsirélíà ti 1959 àti ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1969. Ọsirélíà ti pa tirẹ̀ tì láti 1975. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022, ọkọ àti aya lè jọ kọ̀wé pọ̀ láìfi ẹ̀sùn kan ara wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Lọ́ńdọ́nù mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 20 ni wọ́n ń dúró, kí wọ́n tó tún dúró ọ̀sẹ̀ 6 sí i. Nàìjíríà ṣì di ẹ̀wù tí àwọn tó rán an ti bọ́ sílẹ̀ mú. Ó yẹ kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àléébù òfin kò sọ kóòtù di ibi àṣálọ. Ẹni tí kò bá kánjú lè gba ọ̀nà ọdún méjì yẹn jáde láìsọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́. Àwọn tó ń kánjú ló ń hun irọ́ àgbèrè pọ̀, ibẹ̀ ni òfin sì ti ń mú wọn: abala 27 nínú òfin 1970 ní kí adájọ́ má ṣe tú ìgbéyàwó tí àwọn méjèèjì dìmọ̀ láti fi tan ilé-ẹjọ́ jẹ. Ẹ má ṣi èyí gbọ́. Kí wọ́n fẹnu kò lórí ilé, lórí owó ìtọ́jú ọmọ, lórí ẹni tí ọmọ yóò máa bá gbé, kì í ṣe ìdìmọ̀. Adájọ́ lè sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ di àṣẹ.

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù ni pé, "A ti parí ẹ̀ nílé, kí la tún fẹ́ sanwó lọ́yà fún?" Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ọkùnrin kan ń gbé ní Bàsírì ní Adó, ìyàwó tó fẹ́ ní réjísírì ti kẹ́rù lọ láti ọdún 15 sẹ́yìn. Ó fẹ́ òmíràn, aṣọ ẹbí pé, àlùfáà gbàdúrà. Níwájú òfin, kò sí ìgbéyàwó kejì kankan, ì báà jẹ́ ìdána ni tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí gúúsù orílẹ̀-èdè yìí jogún tilẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 lé irú rẹ̀ lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ekukáká la fi ń rí ẹni tí ìjọba gbé lọ. Kí ó wá kú láìṣe ìwé ìhágún. Obìnrin tó ti bá a kọ́lé, tó tọ́jú rẹ̀ lórí àìsàn, kò ní ìwé. Ẹni tó ti lọ láti ọjọ́ yìí wá, òun ni opó lójú òfin. Òun ni báńkì àti ọ́fíìsì ogún yóò dá lóhùn. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì kò pàdánù, nítorí abala 42 nínú Ìwé Òfin 1999 kò jẹ́ kí a fi bí a ṣe bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ìyá wọn ń wo ilé tó bá wọn kọ́ bí àlejò. Ìjà tí òwe ń bẹ̀rù nìyí, inú ilé ló sì ti wá, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò dé kóòtù nígbà tí ó yẹ.

Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé bí ìkọ̀sílẹ̀ bá rọrùn, ilé yóò tú. Èmi kò rí ibi tí ó ti rọrùn. Kí ìgbéyàwó tó pé ọdún méjì, àfi kí kóòtù fàyè gbà á kí ènìyàn tó lè pe ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí. Lọ́yà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ nípa ìparíjà. Adájọ́ náà lè dá ẹjọ́ dúró bó bá rí àmì pé wọ́n lè rẹ́. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, ètò ìtọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ adájọ́ lọ́rùn. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti rò pé ẹbí ń ṣàṣejù nínú wíwá ìfohùnṣọ̀kan, ìyẹn níbi tí ìlùkulù bá wà. Èkìtì ti ṣòfin lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin láti 2011, ó sì tún un ṣe ní 2019. Ẹ má ṣe fi ìpàdé ẹbí fipá gba "mo gbà" lẹ́nu obìnrin tí wọ́n ń lù, ẹ má sì ní kí ó dúró ọdún méjì. Ọ̀nà ti ìwà tí kò ṣeé bá gbé ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹni tó bá sì ti gba ìdájọ́, kó ní sùúrù díẹ̀ sí i. Àṣẹ tí adájọ́ kọ́kọ́ ń pa, tí àwọn lọ́yà ń pè ní decree nisi, kò tíì tú ìgbéyàwó ká. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kó tó di àṣẹ àṣepé. Bí ọ̀kan bá kú láàárín oṣù mẹ́ta náà, ọkọ tàbí aya ni ẹnì kejì ṣì jẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbéyàwó láàárín rẹ̀, asán ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ bá akọ̀wé ilé-ẹjọ́, ẹ gba ìwé-ẹ̀rí àṣẹ àṣepé náà, kí ẹ fún ẹnì kejì ní ẹ̀dà tirẹ̀, kí ẹ sì fi tiyín pa mọ́ síbi tí àwọn ọmọ yín ti lè rí i.