Awẹ́ Èèkù

Ọ̀bẹ kékeré kan wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí a ń ká ojú rẹ̀ wọ inú èèkù. Ará Swítsálándì ni, pupa, pẹ̀lú àgbélébùú funfun lára. Ọjọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ńtì, ike pupa ẹ̀gbẹ́ kan ṣí kúrò, ó sì là. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń gbẹ́gi ládùúgbò wa. Bàbá yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fi èékánná tẹ ibi tó ṣófo, wọ́n ní, "Awẹ́ kan ló bọ́ yìí. Èkejì ṣì dúró dáadáa."

Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ ojú ọ̀bẹ, mo mọ ẹnu rẹ̀, mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tàbí ike méjì tó gbá irin mú lọ́tùn-ún lósì, n kò rí orúkọ gidi fún un. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìpẹ́ ẹja náà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Schale, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún èèpo ọsàn. Ìta ni àwọn méjèèjì ti wò ó, wọ́n rí ohun tó bo nǹkan mìíràn lára. Ẹ họ ìpẹ́ dànù, ẹja ṣì ń bẹ. Ẹ bó èèpo, ọsàn ló ṣẹ́kù.

Awẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú obì kan kí ẹ ya á. Awẹ́ méjì ni gbànja máa ń ní, àbàtà máa ń ní mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ya awẹ́ tán, kò sí obì kankan mọ́ tó jókòó sáàárín. Awẹ́ gan-an ni obì. Mo gbà pé ohun tí bàbá rí lára ọ̀bẹ mi nìyẹn, gbànja tó fi irin sáàárín. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ló wà lára èèkù, kó yọ awẹ́ méjèèjì kúrò, kó fi ọ̀bẹ náà bẹ ọsàn mẹ́wàá, kó wá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Inú bẹ yẹn ni ọ̀bẹ ti jáde, abẹ náà sì ti ibẹ̀ jáde. Iṣẹ́ tí irin ń ṣe ló fún un lórúkọ. Ní ti èèkù, òwe ló kọ́ mi ní iyì rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹnu idà ló ń pa ni, síbẹ̀ òwe kò dárúkọ ẹnu idà. Òmíràn tún ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn àti irin mìíràn ló ń bá a gbẹ́ ẹ.

Gbogbo èèkù kọ́ ló ní awẹ́. Ọ̀bẹ àwọn bàbá wa, alágbẹ̀dẹ á fi ìdí irin náà sínú iná títí yóò fi pọ́n, á kì í bọ inú igi. Igi á jó díẹ̀, á sì di irin mú. Opinel àwọn ará Faransé náà kò ní awẹ́. Láti ọdún 1890 tí Joseph Opinel ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Savoie, igi kan ṣoṣo ni èèkù rẹ̀, wọ́n kàn la ojú sí i lára kí irin lè rí ibi ká sí. Àdá tí a ń rà lọ́jà ló ní awẹ́ ní tirẹ̀: igi méjì, ìṣó tí wọ́n gbá láti ẹ̀gbẹ́ kan já sí èkejì. Àgbẹ̀ tí awẹ́ kan bá là mọ́ lọ́wọ́ á gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, á wé e mọ́ ọn yíká, iṣẹ́ á máa lọ.

Ọ̀bẹ tí a ń ká wá ṣe ohun tí àdá kò ṣe. Ó sọ èèkù di àkọ̀. Nínú èdè wa, ọ̀tọ̀ ni èèkù, ọ̀tọ̀ ni àkọ̀. Ọwọ́ ló ni ọ̀kan, ojú ọ̀bẹ ló ni èkejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi lè sọ pé ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọ̀bẹ tó bá lu àkọ̀ awọ ṣì ní èèkù tí a ó fi dì í mú. Ọ̀bẹ tí a ń ká kò ní irú àyè yẹn: bó bá ha inú ilé rẹ̀, ohun tí ọwọ́ wa dì mú náà ló ń ha. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ní irin pẹlẹbẹ, idẹ tàbí titanium, láàárín ojú ọ̀bẹ àti awẹ́. Ara irin yìí ni awẹ́ ń so mọ́, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa gbẹ́ awẹ́ tuntun fún ọ̀bẹ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán.

Igi dúdú ni awẹ́ ọ̀bẹ tí Karl Elsener ṣe fún àwọn ọmọ ogun Swítsálándì ní ọdún 1891; ike ló pọ̀ jù lóde òní. Eyín erin ti jẹ́ ohun iyì níbi iṣẹ́ yìí rí, títí àwọn orílẹ̀-èdè fi fi òfin dè é ní 1989 pé a kò gbọdọ̀ tà á láti ilẹ̀ kan sí òmíràn mọ́. Inú mi dùn sí òfin yẹn. Ìwo màlúù wà ńlẹ̀: ẹ sè é nínú omi gbígbóná, á rọ̀, ẹ wá fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó tó tutù. Bí fáìlì bá kàn án, òórùn irun tó jóná ni yóò gba gbogbo ìsọ̀. Èyí tó wù mí jù ni micarta. Aṣọ tàbí bébà ni, tí wọ́n rì sínú oje tó ń le, tí wọ́n tò ní ìpele ìpele, tí wọ́n sì fi ooru àti agbára tẹ̀ títí tó fi le bí egungun. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi ògbólógbòó ṣòkòtò jíǹsì ṣe é. Bí wọ́n bá fi fáìlì ha á, ìpele aṣọ á yọ bí ìlà inú igi. Mo máa ń rò ó pé kí ẹnìkan fi àdìrẹ ṣe é, kí aró máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń lò ó.

Bàbá kò ní micarta. Igi apá ni wọ́n mú. Wọ́n gbé ike tó là lé e, wọ́n fi pẹ́ńsù yí i ká. Ìta rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Inú ló le, torí orí ìṣó ọ̀bẹ yọ síta lára irin, igi sì gbọ́dọ̀ ní ihò tó bá wọn mu rẹ́gí. Bàbá fi èédú pa orí ìṣó náà, wọ́n tẹ igi mọ́ ọn, àmì dúdú sì yọ lára igi níbi tí ihò yóò wà. Àkọ́kọ́ là nígbà tí wọ́n ń lu ihò. Èkejì tinrín jù. Ẹ̀kẹta wọlé, ó dún kẹ̀ẹ̀.

Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn gbẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kejì kí méjèèjì lè bára mu. Mo ní kí wọ́n fi pupa yẹn sílẹ̀. Báyìí, bí iná bá lọ tí mo ki ọwọ́ bọ àpò, àtàǹpàkò mi á fọwọ́ ba igi ní ẹ̀gbẹ́ kan, á ba ike ní èkejì, á sì ti mọ ibi tí ojú ọ̀bẹ máa gbà jáde.