Bí a ṣe ń yan ẹ̀yáwó ilé nígbà tí owó àsansílẹ̀ kò pọ̀

Ẹ̀yáwó ilé, èyí tí àwọn báńkì ń pè ní mọ́géèjì, ni owó tí báńkì yá ènìyàn láti fi ra ilé tàbí kọ́ ọ, tí onítọ̀hún yóò sì máa san padà lóṣooṣù fún ọdún púpọ̀. Ilé náà fúnra rẹ̀ ni ohun ìdógò. Owó àsansílẹ̀ ni ìpín tí olùyáwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú wá láti àpò ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùgbé Ọ̀yọ́ àti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ gbà pé ìpín yìí ni kò jẹ́ kí àwọn ní ilé. A ṣàlàyé níhìn-ín pé ọ̀nà wà, àti pé èlé àti ìwé ilẹ̀ yẹ ní kíkíyèsí ju owó àsansílẹ̀ lọ.

Ẹ̀yáwó NHF

Òfin ọdún 1992 ni ó dá àpò owó ilé gbígbé ti orílẹ̀-èdè, NHF, sílẹ̀. Olùdáwó ń fi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lè béèrè ẹ̀yáwó nípasẹ̀ báńkì mọ́géèjì tí FMBN, báńkì mọ́géèjì ti ìjọba àpapọ̀, fọwọ́ sí. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 lọ́dún. A lè fi ọgbọ̀n ọdún san án, bí kò bá ti kọjá ìgbà ìfẹ̀yìntì.

FMBN ti dín owó àsansílẹ̀ kù: kò sí rárá lórí ẹ̀yáwó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ó sì jẹ́ ìdá 10 láti ibẹ̀ dé ₦15,000,000. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Oníṣòwò Akẹ̀sán àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè dáwó, pàápàá nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Owó ìfẹ̀yìntì

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni PenCom ti gbà kí òṣìṣẹ́ lo ìdá 25 nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti dáwó fún ọdún márùn-ún, kò sì gbọdọ̀ ku ohun tí kò tó ọdún mẹ́ta kí ó fẹ̀yìntì. Ẹ rántí pé owó ọjọ́ ogbó ni ẹ ń ná.

Ẹ fi èlé wé èlé

Bí ilé bá jẹ́ ₦10,000,000, tí ẹ sì san ₦1,000,000 sílẹ̀, gbèsè tí ó kù jẹ́ ₦9,000,000:

- Ní èlé ìdá 6 fún ogún ọdún, ẹ ó máa san nǹkan bíi ₦64,500 lóṣù.
- Ní èlé ìdá 6 fún ọgbọ̀n ọdún, yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦54,000 lóṣù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi ₦4,000,000 ju ti ogún ọdún lọ.
- Bí báńkì olówò bá béèrè èlé ìdá 25 fún ogún ọdún, yóò tó ₦189,000 lóṣù.

Owó tí ẹ ń san lóṣù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ń wọlé fún yín lọ. Ẹni tí yóò san ₦64,500 nílò owó oṣù tí ó tó ₦193,500.

Ìwé ilẹ̀

Ilẹ̀ ẹbí ni ó pọ̀ jù ní ìlú méjèèjì. Ìwé ẹ̀rí ìsanwó láti ọwọ́ ẹnì kan nínú ẹbí kò tó fún báńkì. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé títà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó gba àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ ayàwòrán-ilẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ tó béèrè C of O. Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, a kò lè fi ilẹ̀ dógò láìgba àṣẹ Gómìnà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ní Sẹkitéríàtì, Agodi, Ìbàdàn, ni a ti ń ṣe ètò rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

1. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìdáwó NHF yín, kí ẹ rí i pé owó tí wọ́n ń yọ ń dé ibi tí ó yẹ.
2. Ẹ béèrè bóyá èlé lè yí padà.
3. Ẹ ka gbogbo owó mìíràn tí wọn yóò gbà: ti agbẹjọ́rò, ti adíyelé àti ti ìbánigbófò.
4. Ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí owó oṣù bá pẹ́, nítorí báńkì lè ta ilé tí a kò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi owó àsansílẹ̀ lé alágbàtà lọ́wọ́. Inú àkáǹtì báńkì ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí.