Ọdún Ló Ń Sọ Bí Díìsì Ṣe Fẹ̀ Tó

Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé òun ń wá díìsì bíréèkì kábọ́ònù-seramíìkì fún Porsche òun, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé ọkọ̀ ọdún wo ni. Inú ń bí àwọn mìíràn. Wọ́n á ní àwọn ti dárúkọ ọkọ̀, kí ló tún kù? Ó kù púpọ̀. Ẹ̀yà ọkọ̀ ni mò ń tà ní Birmingham, mo sì ní ìwé kan tí mò ń kọ ìwọ̀n díìsì sí. Ìwé ìtàn ni mo kà á sí, nítorí kò sí nọ́ńbà inú rẹ̀ tí kò nídìí.

Ìlú tí mò ń gbé yìí náà ni Frederick Lanchester ti ń ṣe mọ́tò nígbà tó gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì oní-díìsì ní 1902. Bàbà ló fi ń fún díìsì náà mọ́lẹ̀, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ lápọ̀jù. Ó di 1953 kí ayé tó gbà fún díìsì tán, nígbà tí Tony Rolt àti Duncan Hamilton fi Jaguar C-Type oní-díìsì Dunlop gba ipò kìíní nínú eré ìje wákàtí 24 ní Le Mans. Irin ni díìsì ìgbà yẹn.

Òfuurufú ni kábọ́ònù ti wá. Dunlop ló ṣe bíréèkì kábọ́ònù fún bàálù Concorde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní January 1976. Lọ́dún yẹn kan náà ni Gordon Murray, tó ń ya àwòrán ọkọ̀ fún Brabham, gbé irú rẹ̀ wọ ọkọ̀ wọn nínú ìdíje Formula 1. Ṣùgbọ́n bí kábọ́ònù lásán kò bá tíì gbóná gidigidi, kì í dá ọkọ̀ dúró dáadáa. Ta ló lè máa gbé irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà láàárọ̀ òtútù?

Jámánì ni wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ DLR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òfuurufú ti Jámánì, ní Stuttgart ń wá ohun tí yóò dáàbò bo ọkọ̀ gbalasa òfuurufú lọ́wọ́ ooru nígbà tó bá ń padà bọ̀. Wọ́n po fọ́nrán kábọ́ònù mọ́ oje, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n sì yan án níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí títí ihò wínníwínní fi kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ́ sílíkọ́ọ̀nù, tí kì í yọ́ àfi bí ooru bá kọjá 1,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ihò wọ̀nyẹn sì fà á mu bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Nígbà tí òun àti kábọ́ònù bá para pọ̀, wọn a di ohun líle tí a fi ń lọ irin. Ní 2001, Porsche fi díìsì tí wọ́n ṣe báyìí, ìyẹn kábọ́ònù-seramíìkì, sí ara 911 GT2, 350 mílímítà níwájú àti lẹ́yìn. Ìwúwo rẹ̀ kò ju ìdajì ti irin lọ.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù. 911 Turbo ìgbà yẹn, bó bá jẹ́ irin, 330 ni díìsì iwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ kábọ́ònù, 350. 911 GT3 tó jáde ní 2006, irin 350, kábọ́ònù 380. Ti 2013, irin 380, kábọ́ònù 410. Kí ló dé tí kábọ́ònù fi máa ń fẹ̀ jù? Bí a bá gé irin àti kábọ́ònù-seramíìkì ní ìwọ̀n kan náà, irin yóò wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta. Ìwúwo sì ni ohun tó ń gba ooru dúró. Díìsì tó fúyẹ́ a tètè gbóná, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń mú un tóbi sí i, kí ojú rẹ̀ lè fẹ̀ láti tú ooru dànù, kí kálípà, ohun tó ń fún díìsì mọ́lẹ̀, sì lè dì í mú níbi tó jìnnà sí àárín.

Ẹ wá wo rímù. GT2 ti 2001 ń lo íńṣì 18, GT3 ti 2006 íńṣì 19, ti 2013 íńṣì 20. Bí díìsì kábọ́ònù ṣe ń fi 30 mílímítà kún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni rímù ń fi íńṣì kan kún un. Àwọn kan gbà pé oge lásán ni rímù ńlá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: díìsì 410 pẹ̀lú kálípà rẹ̀ kò lè wọ inú rímù íńṣì 18 láé. Kì í ṣe Porsche nìkan: Ferrari Enzo ti 2002 lo 380 yí ká. Bugatti Veyron, 400 níwájú, 380 lẹ́yìn. Lamborghini Urus, tó ga tó sì wúwo, dé 440.

Nígbà tí GT3 tuntun jáde ní 2021, díìsì irin iwájú rẹ̀ ti di 408, kábọ́ònù sì dúró sí 410. Mílímítà méjì péré ló kù láàárín wọn. Irin náà ti rí àyè nínú rímù tí wọ́n fẹ̀ nítorí kábọ́ònù. Fífẹ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́, láti ìgbà yẹn ni mo sì ti ń kọ ìwúwo mọ́ ọn nínú ìwé mi. Ìwúwo náà tún wúlò fún àwọn tó ń ra àlòkù: díìsì kábọ́ònù kì í tètè tín-ín-rín bíi ti irin, fọ́nrán inú rẹ̀ ló ń jó dànù, ara rẹ̀ sì ni Porsche kọ ìwúwo tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ ní sí. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó sanwó.