Ohun Tí Ọlá Rótìmí Mú Ti Ìdálẹ̀ Bọ̀

Ní ìlú Áténì, ilẹ̀ Gíríìsì, láyé àtijọ́, eré orí ìtàgé kì í ṣe ohun ìdárayá lásán. Níbi ọdún òrìṣà Dionysus ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀ràn ìlú a sì máa hàn nínú rẹ̀. Sophocles, tí ó kọ eré Ọba Oedipus ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun ìlú náà rí.

Irú ìmọ̀ yìí ni Ọlá Rótìmí lọ bá pàdé ní òkè òkun. Sàpẹ́lẹ̀ ni a bí i sí ní ọdún 1938. Yorùbá ni baba rẹ̀, Ìjọ́ ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1959 ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ eré ní Yunifásítì Boston títí di 1963, ó sì kọ́ eré kíkọ ní Yale títí di 1966.

Ilé gbígbóná ni ó padà bá. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn ológun gba ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ̀yà kan ń fura sí èkejì. Ní 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Bí ogun ti ń lọ lọ́wọ́ ní 1968 ni àwọn òṣèré Orí Olókun gbé eré rẹ̀, The Gods Are Not to Blame, jáde ní Ilé-Ifẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé àwọn òrìṣà kò jẹ̀bi.

Ìtàn Oedipus ni, ṣùgbọ́n ó ti di ti Yorùbá. Ifá ni ó sọ tẹ́lẹ̀ pé Ọdẹ́wálé yóò pa baba rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Nínú ti Sophocles, ìjà ọ̀nà ni ó fa ikú ọba: ta ni yóò yà fún ta ni. Rótìmí yí i padà. Nínú oko iṣu ni ìjà náà ti ṣẹlẹ̀. Àgbàlagbà náà bú ẹ̀yà Ọdẹ́wálé, inú bí ọmọ, ó sì pa baba láìmọ̀. Nígbẹ̀yìn, Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìfẹ́ ẹ̀yà tí ó pọ̀ lápọ̀jù ni àìlera òun.

Rótìmí ṣàlàyé pé àwọn alágbára tí ń darí ìṣèlú ayé ni òun fi òrìṣà inú orúkọ eré náà pè, pé kí orílẹ̀-èdè má ṣe di ẹ̀bi ìkùnà rẹ̀ rù wọ́n. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ti àná. Ní Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, láti Sango dé Ojú Ọrẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti sọ onírúurú ẹ̀yà di ará àdúgbò kan náà. Níbi tí àjèjì méjì bá ti ń gbé pọ̀, èébú kan ṣoṣo tó láti dá ìjà inú oko iṣu náà sílẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìdálẹ̀ wo iṣẹ́ Rótìmí: kò kó ọgbọ́n àwọn ará Gíríìsì wálé láti fi ṣe fáàrí, ó fi í yẹ ilé ara rẹ̀ wò.