Fífọ Eyín Lọ́dọ̀ Dókítà: Ọ̀nà Tí Owó Rẹ̀ Kò Fi Ní Wọ̀ Wá Lọ́rùn

Ìmọ́tótó ẹnu kì í ṣe ohun tuntun sí àwa Mùsùlùmí. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn síwáákì, ó sì gba àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ níyànjú láti máa lò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí orín àti búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe. Bí ìdọ̀tí bá pẹ́ nídìí eyín, ohun tó wà nínú itọ́ yóò sọ ọ́ di líle bí òkúta, irinṣẹ́ oníṣègùn eyín nìkan ló sì lè ha á kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀, erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tó bá yá, egungun tó di eyín mú á máa jẹ, eyín á sì máa mì.

Ọ̀pọ̀ ní owó ni kò jẹ́ káwọn lọ. Ohun tó kọ́kọ́ ń dín owó náà kù ni kéèyàn mọ iye ìgbà tó yẹ kó lọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ní 2018, àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìlera jọ yẹ̀ wò, rí i pé láàárín ọdún 2 sí 3, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàárín àgbàlagbà tí wọ́n ń fọ eyín rẹ̀ déédéé àti èyí tí wọn kò dá ìgbà fún, bí wọn kò bá ṣáà ti ní àrùn erìgì tó le, tí wọ́n sì máa ń lọ fún àyẹ̀wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà NICE ni pé kí dókítà wo ẹnu àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan kó tó dá ìgbà fún un, láti oṣù 3 títí dé oṣù 24. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni pa àyẹ̀wò tì o. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tètè lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ wo ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín: UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Owó wọn sábà máa ń rọjú ju ti aládàáni lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fọ eyín yín níṣojú ọ̀gá rẹ̀, ó kàn lè pẹ́ díẹ̀ ni. Ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó: káàdì, àyẹ̀wò, fọ́tò eyín bó bá wà, àti fífọ fúnra rẹ̀. Owó káàdì nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń béèrè nílé.

Òfin NHIA ti 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn, irú bí Ìlera Èkó. Bẹ́ ẹ bá ti wà nínú rẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá fífọ eyín wà lára ohun tí wọ́n ń san, kẹ́ ẹ sì gba ìwé àṣẹ láti ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ yín sí. Ẹni tó bá lọ láìgba ìwé yìí lè fi owó ara rẹ̀ san ohun tó ti san tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan ní fífọ eyín ló ń jẹ́ kó ṣí sílẹ̀. Irọ́ ni. Ìdọ̀tí líle yẹn ló dí àlàfo náà. Nígbà tó kúrò ni ẹ rí i. Omi tútù lè máa ta eyín fún ọjọ́ díẹ̀, á sì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni sísọ eyín di funfun yàtọ̀ sí fífọ eyín: ti ẹwà ni, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ gbówó kalẹ̀ bí kì í bá ṣe òun lẹ bá wá.

Àwọn ìjọ lè pe oníṣègùn eyín wá sí mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti yẹ ẹnu wò, pàápàá ní àyíká 20 oṣù Kẹta, ọjọ́ ìlera ẹnu lágbàáyé. Àyẹ̀wò nìkan ni o. Fífọ fúnra rẹ̀ nílò irinṣẹ́ tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde, àrùn ẹ̀dọ̀ irú B sì lè ti ẹnu ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíì.

Ní ti Ràmàdáànì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kò ba ààwẹ̀ jẹ́ bí èèyàn kò bá gbé omi tàbí ẹ̀jẹ̀ mì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè lọ nínú oṣù Ṣàábánì.